Òwú Pupa Lábẹ́ Ọrùn Aṣọ

Ìwé náà kò ju ìlà kan ààbọ̀ lọ, síbẹ̀ ó wúwo lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́-òsì ju áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ. “Iṣẹ́ rẹ wà ní ìdádúró ráńpẹ́ títí ìwádìí yóò fi parí lórí aṣọ dókítà tó jóná.”

Àwọn méjì péré ló ń lọṣọ nílé ìfọṣọ náà, òun àti Òpó, obìnrin gíga tó jù ú lọ́jọ́ orí. Ẹni tó bá lọ aṣọ kan gbọ́dọ̀ so òwú tirẹ̀ mọ́ abẹ́ ọrùn rẹ̀. Ti Òpó búlúù, tirẹ̀ pupa. Òwú pupa ni wọ́n sì bá lára aṣọ tó jóná.

“Àbúrò mi, wọ́n ti lé ẹ nìyẹn,” ni Òpó wí, ó ń fọwọ́ ra á léjìká. “Ọ̀rọ̀ ńlá ni wọ́n kàn fi bò ó. Mú kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ẹ wá, màá bá ẹ dá a padà.”

Ọlọ́wọ́-òsì ti kọwọ́ bọ àpò kí ara tó fu ú. Òpó tí kì í yá èèyàn ní abẹ́rẹ́, ìgbà wo ló di aláàánú? Kọ́kọ́rọ́ yìí kan náà, ti dúrọ́ọ̀ tí òwú pupa rẹ̀ wà, ló sì sọnù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó jẹ́ Òpó ló bá a rí.

“Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Màá dá a padà fúnra mi.”

Nílé, bàbá rẹ̀, tó fi ọgbọ̀n ọdún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ilé ẹjọ́, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Ta ló ní wọ́n lé ẹ?”

“Òpó ni, bàbá. Ó tún ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ mi wá.”

“Kò mọ̀wé ni, àbí ó mọ̀ ọ́n jù? Ìdádúró ráńpẹ́! Ọ̀rọ̀ tó sùn ni, kò kú. Bí ẹlẹ́rìí ò bá tíì dé, ohun tá a máa ń kọ sórí ẹjọ́ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ wọn ṣì ni ẹ́, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wo aṣọ yẹn. Àmọ́ tó o bá dá kọ́kọ́rọ́ padà pẹ́nrẹ́n, o ti lé ara ẹ nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, Ọlọ́wọ́-òsì ní kí ọ̀gá ilé ìfọṣọ gbé aṣọ náà jáde, pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn tí òun lọ. Ó yí ọrùn wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Òsì ni kókó òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí. Ti aṣọ tó jóná kọjú sí ọ̀tún.

“Ọ̀gá, láti kékeré, ọwọ́ òsì ni mo fi ń so nǹkan.”

Ọ̀gá gé òwú kan, ó nà án sí Òpó. “So ó ká rí i.”

Òpó ti kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ épírọ́ọ̀nù. “Kí ló kàn mí níbẹ̀? Torí mo ní kí n bá a dá kọ́kọ́rọ́ padà?”

“Ta ló dárúkọ kọ́kọ́rọ́?” ni ọ̀gá bi í.

Ọ̀gá kò kọ ìwé, kò sì wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ó kàn tẹ́wọ́ síwájú Òpó.

“Kọ́kọ́rọ́ tìẹ dà?”