Ọ̀rọ̀ Tí Rhoda Kọ Sórí Fóònù

Rhoda Tackett kì í gbé èrò ọkàn rẹ̀ mì. Bó bá ń gẹ irun fún èèyàn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Kentucky, á ti bá ààrẹ wí, á ti bú gómìnà, á sì ti ṣépè fún àwọn tó ń ṣe fóònù, kó tó gbọn irun kúrò lára onítọ̀hún. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Emmett nìkan ló máa ń dá a lóhùn. Emmett ni ọkọ Corinne tó jẹ́ àbúrò Rhoda. Ilé wọn ni Rhoda ti ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Sunday látìgbà tí ọkọ tirẹ̀ ti já a sílẹ̀. Ọdẹ ni Emmett, òun ló ń fi ẹran àgbọ̀nrín kún fìríìsà Rhoda lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n fi ń bára wọn fà á jù.

"Ìbọn tèmi ò lọ síbì kankan," ni Emmett wí lọ́jọ́ Sunday kan, bó ti ń fi búrẹ́dì àgbàdo nu ọbẹ̀ ẹ̀wà nínú abọ́. "Àmọ́ ọkùnrin tó ń lérí pé òun á pa ìyàwó òun, ṣé kò yẹ kí adájọ́ gba tiẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀?"

Rhoda bú sẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n gba tiẹ̀ lónìí, kí wọ́n wá gba tìẹ lọ́la. Emmett, àṣé o ti di ọmọ ìjọba Washington!"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká jẹun jàre," ni Corinne wí.

Lọ́jọ́ Thursday tó tẹ̀ lé e, Rhoda ń mu kọfí, oníbàárà kankan ò tíì dé. Ìròyìn yọ lójú fóònù rẹ̀ pé wọ́n ti yìnbọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní agbègbè wọn, wọn ò tíì sọ ṣọ́ọ̀bù wo. Àwọn èèyàn ti ń jà lórí òfin ìbọn nísàlẹ̀ ìròyìn náà. Rhoda náà dá sí i: "Ẹkún tún ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó gbé ìbọn dání, tó sì láyà, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ẹ fi ìbọn wa sílẹ̀." Ó fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó sì lọ fọ kọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ tí pásítọ̀ ìjọ wọn fi wọlé, tó ṣí fìlà.

"Rhoda, jókòó. Emmett ni."

Ṣọ́ọ̀bù tí Emmett ti ń ta pákó ni wọ́n ti yìnbọn. Ọkùnrin kan wá ká ìyàwó ara rẹ̀, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà níbẹ̀, mọ́. Emmett bọ́ sáàárín wọn, ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí obìnrin náà fi rọ́nà sá lọ. Ìbọn Emmett wà ní ìbàdí rẹ̀, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án títí ọkùnrin náà fi yìnbọn pa á.

Inú mọ́tò ni Rhoda ti pa ohun tó kọ rẹ́, àmọ́ àwọn èèyàn ti ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ó ti dé ọwọ́ Corinne kí Rhoda tó dé ilé rẹ̀. Corinne ò ṣí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì.

"Corinne, Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ pé òun ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Ojú Corinne gbẹ. "Tí kì í bá ṣe Emmett, ọkọ ta lò ń fi rẹ́rìn-ín?"

Rhoda gbé ọwọ́ lé nẹ́ẹ̀tì náà.

"Ó láyà, Rhoda," ni Corinne wí, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn onígi.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn pátápátá ni Rhoda jókòó sí. Ó se adìẹ àti ìrẹsì, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀. Pásítọ̀ ló dá abọ́ náà padà fún un, wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, Corinne ò sì fi ọ̀rọ̀ kankan rán an.

Nígbà tí òtútù ọdún náà kásẹ̀ nílẹ̀, tí yìnyín sì yọ́, wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Corinne ti gẹ irun rẹ̀ níbòmíràn, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ò sì dọ́gba. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà," ló wí, ó sì kọjá.

Rhoda dáhùn. Ó padà sínú mọ́tò rẹ̀, ó di sítíárìn mú, ó sì jókòó síbẹ̀ láì ṣíná mọ́tò.