Odi Àǹtí Kuini

4.

…tí nọ́ńbà rẹ̀ sì tún ga ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Rāhera ki irin tín-ín-rín méjì bọ inú abọ́, bí igi tí wọ́n fi ń jẹ núdùsù. Ó rán iná mànàmáná díẹ̀ kọjá. Iná náà kò rí ọ̀nà gbà. Odi le. Gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín náà ṣá.

5.

ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn yàrá tíì)

ẸNI TÍ ODI RẸ̀ BÁ LE JÙ LỌ́JỌ́ ẸTÌ NI YÓÒ YAN KÉÈKÌ.
ẸNI TÍ TIRẸ̀ BÁ JÒ NI YÓÒ FỌ IFE.
— Alasdair, ọ̀gá yín

(lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa: *Dókítà Losa ti fọ ife tó. Ẹ ṣàánú rẹ̀.*)

2.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn. Mo ti sáré jù.

Odi kan wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Gbogbo wa la ní in. Iṣẹ́ oníbodè ló ń ṣe: á gba oúnjẹ wọlé, á lé májèlé padà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń lé oògùn pàápàá padà. Ìdí nìyẹn tí Rāhera àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń kọ́ irú odi bẹ́ẹ̀ sínú abọ́ ní ìlú Dunedin, kí wọ́n lè mọ oògùn tó máa wọlé kó tó di pé wọ́n fún èèyàn lò.

Awọ èèyàn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á gé bíńtín, wọ́n á tan án títí á fi gbàgbé pé awọ lòun, wọ́n á wá kọ́ ọ níṣẹ́ odi.

Awọ Àǹtí Kuini ni Rāhera ń lò. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Àìsàn kan wà nínú ìdílé wọn tó máa ń jẹ ọpọlọ, tó sì máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ó ti mú ìyá Rāhera lọ. Ó ti wá kan Kuini.

1.

Ohun tí Kuini sọ kí wọ́n tó gé e:

«Awọ mi, èmi náà ni. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹun nítòsí rẹ̀. Ẹ máa gbàdúrà kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ má dà mí sórí ààtàn o. Ẹ kó mi wá sílé ní Karitāne, ká sin mí.»

Alasdair gbà. Bá a ṣe ń ṣe é níhìn-ín nìyẹn.

6.

KUINI: Báwo ni odi mi?
RĀHERA: Ó le bí òkúta, Àǹtí
KUINI: Olórí kunkun. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀
KUINI: Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo rí ẹyẹ òkun tītī oníyọ̀ gbà, garawa kan
RĀHERA: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Òórùn tèṣí ò tíì kúrò ní yàrá tíì
KUINI: Ẹni tí ò bá fẹ́ kó dimú

7.

Oògùn kan wà. Orúkọ rẹ̀ gùn bí ọ̀nà oko, nítorí náà Kuini sọ ọ́ ní Àlejò.

Wọ́n da Àlejò sórí odi. Wọ́n dúró. Kò sí èyí tó kọjá. Alasdair kọ̀wé sí àwọn tó ṣe oògùn náà pé kò wọlé, wọ́n sì pa á tì.

Kuini ní kò burú, òmíràn á wá. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń hun apẹ̀rẹ̀.

8.

(ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ìpàdé)

LOSA: Mo yẹ odi gbogbo wa wò. Kì í ṣe bó ṣe le tó. Mo fẹ́ mọ ohun tó jẹ́.
ALASDAIR: Ta ló rán ẹ?
LOSA: Ife fífọ̀ ti sú mi, ọ̀gá. Mo fẹ́ mọ ìdí tí tèmi fi ń jò.
RĀHERA: Kí lo wá rí?
LOSA: Tèmi tó ń jò, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, ohun tí wọ́n fi mọ odi ọpọlọ. Tìẹ tó le…
ALASDAIR: Sọ̀rọ̀, jàre!
LOSA: Ó jọ èyí tó máa ń wà nínú ìfun. Kì í ṣe odi ọpọlọ rárá.
ALASDAIR: Yéè.

(Ẹnì kan gbé ife sílẹ̀.)

9.

Ẹnikẹ́ni ò parọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí odi rẹ̀ bá le jù, ohun tó fi ń bọ́ ọ làwọn yòókù máa ń fi bọ́ tiwọn. Èyí tó bá ń jò, wọ́n á dà á nù. Bí wọ́n ṣe ń jẹ kéèkì nìyẹn, tí wọ́n ń ṣa líle, tí wọ́n ń lé òótọ́ jáde.

Àlejò ò wọlé? Ilé onílé ló ń kàn!

10.

Mo parọ́ níbì kan. Mo ní gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Losa ò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi ọṣẹ.

11.

(Karitāne, lórí àga ìta. Rāhera kó gbogbo abọ́ náà wá.)

RĀHERA: Àǹtí, odi yẹn kì í ṣe ti ọpọlọ. Ti ìfun ló jọ.
KUINI: Haà! Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó o kà, ìfun mi lo lọ kọ́?

(Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. Rāhera nù ún.)

KUINI: Ṣé èmi ṣì ni?
RĀHERA: Ẹ̀yin ni. Gbogbo ẹ̀ pátá.
KUINI: Ká sin ín nígbà náà. Àlejò ńkọ́?
RĀHERA: A ò mọ̀ bóyá ó ń wọlé. A máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.
KUINI: Rā. Ká ní mo ti ń lò ó láti èṣí ńkọ́?
(Rāhera mú ṣọ́bìrì, ó sì dìde.)

12.

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ngaio, níbi tí èèyàn ti ń rí òkun. Kuini ní òun lòun máa bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Iyẹ̀pẹ̀ dà nù kí ọwọ́ rẹ̀ tó débẹ̀. Rāhera di ọwọ́ náà mú, wọ́n jọ bù ú. Ó sì ṣì ń dà nù.

Rāhera sunkún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa bojú.

3.

Ibí ló yẹ kí n sọ bóyá Rāhera ti lọ yẹ ara rẹ̀ wò fún àìsàn ìdílé wọn.

Kò tíì lọ.

13.

ÌKÉDE

KÒ SÍ KÉÈKÌ MỌ́.
KÁLUKÚ FỌ IFE RẸ̀.
MO TI KỌ̀WÉ SÍ ÀWỌN TÓ ṢE OÒGÙN NÁÀ PÉ A ṢÌNÀ. WỌN Ò TÍÌ FÈSÌ.
— Alasdair

14.

KUINI: Wá gé awọ míì
KUINI: Apá òsì ni o. Ọ̀tún ti ń gbọ̀n jù, wàá gé ara ẹ
KUINI: Ọdún mélòó ló máa gbà lọ́tẹ̀ yìí?

*Rāhera ń kọ èsì…*

KUINI: Tó bá pẹ́ jù, tí mi ò sí níbẹ̀ mọ́, gé tìẹ

*Rāhera ń kọ èsì…*

*Rāhera ń kọ*