Awọ Inú Báàfù

Gbogbo àdúgbò ní Mushin ló ń jẹ pọ̀nmọ́ Àmúdàtù, àfi ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí kò tilẹ̀ fẹ́ sún mọ́ ọn. Ẹ ò rí nǹkan! Saidat, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni Basheerah ìyá rẹ̀, ọmọ Àmúdàtù, mú bọ̀ láti orílẹ̀-èdè Chile lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú sínú adágún kan níbẹ̀. Ìyá àgbà ti la apá sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n bó ṣe ki ọwọ́ bọ inú báàfù ńlá tó rẹ awọ màlúù sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì báyìí, ọmọ náà figbe ta, ó sá wọ yàrá. Ó wá di ojoojúmọ́.

Àmúdàtù ní kò sí ohun méjì, òórùn pọ̀nmọ́ ló ń lé ọmọ òun. Ló bá fi ọṣẹ dúdú bora, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha ìka, ó da lọ́fíńdà sára títí àwọn ará ilé fi ń bi í bóyá ó fẹ́ tún ọkọ fẹ́ ni.

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o," ló wí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Iṣẹ́ tó fi rán Basheerah níléèwé ló wá ń lé ọmọ Basheerah sá yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ò ta mọ́. Ó fẹ́ kó gbogbo awọ náà fún ẹlòmíràn. Bó ṣe ń fa èyí tó fẹ̀ jù jáde nínú omi, Saidat sáré jáde, ó rọ̀ mọ́ ọn lápá, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀! Trelke ni! Ó máa mú ẹ̀yin náà lọ!"

"Ta ló ń jẹ́ Trelke?"

Basheerah ló ṣàlàyé. Àwọn Mapuche, ìyẹn ẹ̀yà bàbá Saidat, máa ń sọ pé awọ màlúù kan ń léfòó lójú adágún, ó lójú, èékánná sì yí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká. Ẹni tó bá já wọ omi, á ká mọ́ ọn, á wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé pé omi ní ẹni tó ni ín, kéèyàn tọrọ àyè kó tó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí bàbá Saidat ò bọ̀, àwọn ọmọdé ibẹ̀ sọ fún un pé Trelke ló mú un.

Háà! Àṣé ọmọ yìí kò kórìíra òun rárá! Ẹ̀rù kí Trelke má mú òun lọ ló ń bà á! Omijé bọ́ lójú Àmúdàtù, kò sì bò ó.

"Àyè títọrọ? Àwa náà mọ̀ ọ́n, ọkọ mi," ló wí. Ó kúnlẹ̀ ti báàfù náà. "Àwa máa ń pè pé, àgò o! Tí ẹni tó ni ibẹ̀ bá gbà, á ní, àgò yà. Ó yá, bá mi gbọ́ ọ. Àgò o, ẹni tó ni omi!"

Saidat tẹ etí sílẹ̀ lẹ́bàá omi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó ní àgò yà," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣùgbọ́n mo máa dì yín mú o."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá etí ìró ìyá àgbà mú, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Àmúdàtù ki ọwọ́ bọ omi, ó fọ awọ náà, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tó kù láti fọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́, nítorí ọmọ náà ò tíì jù ú sílẹ̀.