Àwọn Ọmọ Kòṣeémánìí

"Ẹ má wò mí, Mọ́mì. Ìwé yìí ni kí ẹ wò. Ta ló ni ajá yìí?"

Dókítà Adéìfẹ́ ti wọ ìbọ̀wọ́ kan, ó ń wá èkejì. Lórí tábìlì irin tó wà láàárín yàrá, Kòṣeémánìí, ajá náà, nà gbalaja, ikùn rẹ̀ wú bí àpò sìmẹ́ńtì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aago márùn-ún ìdájí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Aago mẹ́sàn-án ti lù báyìí, kò tíì bí ẹyọ ọmọ kan. Omi aláwọ̀ ewé kan ló ń jáde lára rẹ̀, ìgbà tí dókítà sì rí omi yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọkọ mi ló ni ín," ni Ojúọlápé dáhùn. Ó tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. "Ọkọ mi ti kú. Èmi ni mo ni ín."

"Ẹ fọwọ́ síbí, nígbà náà."

Kò tíì fọwọ́ sí i. Ó fẹ́ mọ iye tí yóò ná an. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò jọ ẹni tó tó ọgbọ̀n ọdún, kò fi bò fún un. Àwòrán inú tí wọ́n yà fi hàn pé ọmọ kan ti há ní ìdábùú, àwọn tó kù sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò lè ràn án, àfi iṣẹ́ abẹ. Ó fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn páálí oògùn: oògùn oorun, iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, omi tí wọn yóò fà sí i lára, oògùn tí yóò máa lò délé. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlénígba náírà.

"Bí ẹ bá san ìdajì báyìí, n óò bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀."

"Bí n kò bá rí i san ńkọ́?"

"Mo lè fún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn lọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn." Dókítà ti rí ìbọ̀wọ́ kejì. "Ẹ má pẹ́ o, Mọ́mì. Tó bá fi máa di wákàtí kan sí i, kò ní sí ohun tí a fẹ́ yàn mọ́."

Ojúọlápé bọ́ síta. Ó rìn dé ìdí òpó iná, ó padà, ó tún rìn lọ. Ó yẹ kó ti wà ní Oregun láti aago méje, nílé-iṣẹ́ tó ti ń di bisikíìtì sínú páálí. Bí wọ́n bá ti sàmì sí i pé kò wá, owó iṣẹ́ òní ti wọmi. Ṣèyífúnmi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn ẹranko náà. Òun ló gbé orí ajá lé itan nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Agége dé Ọ̀gbà, tí onímárúwá ń ráhùn nípa ìjókòó rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ajá sì ti ba yẹ̀rì ilé-ìwé ọmọ náà jẹ́.

Owó kan wà lọ́wọ́ Ojúọlápé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádóje náírà ni, ó fi ẹnu àti ikùn tọ́jú rẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde Ṣèyífúnmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù tí ilé-ìwé yóò ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

Rótìmí, ọkọ rẹ̀, ti lo oṣù mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan kó ọjà fáwọn ilé-iṣẹ́, ó sì ń sin ajá ńlá, irú èyí tí àwọn olówó Ọmọ́lẹ̀ fi ń ṣọ́lé. Iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì rẹ̀ ò tíì gbẹ tí Láolú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi wá kó ọkọ̀ náà lọ, àtẹ̀rọ amúnáwá, àti fìríìjì, àtìwé ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ tí tọkọtaya náà jọ rà. Nígbà tó kan ajá, Kòṣeémánìí gbó mọ́ ọn, Láolú sì fi bàtà ta á nípàá. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún un," ni ó wí fún àwọn tó bá a wá. "Kí àwọn méjèèjì jọ máa jẹun."

Oṣù méje lẹ́yìn náà ni Ojúọlápé fúnra rẹ̀ wá akọ fún ajá náà. Ó ní òun ò ní ohun mìíràn tó lè bí owó fún òun.

Ó pe Láolú. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ tó lówó.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ajá Bàbá Ṣèyí ló ń rọbí, sà, kò rí ọmọ bí. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Mo ní kí ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan díẹ̀ kún un—"

"Ajá?" Láolú bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé ara rẹ yá? Ní Oǹdó tiwa, a kì í ṣiṣẹ́ abẹ fún ajá, ata la máa ń lọ̀ dè é. Ìwọ lo ni ajá rẹ. Bó kú, bó yè, má fi pè mí mọ́."

Ó gé fóònù. Ṣèyífúnmi ti dìde dúró.

"Mọ́mì, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọmọ ajá fi ń tó tà?"

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́wàá ni ilé-ìwé fún wa." Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Ẹ san án, mà."

Ojúọlápé wo ojú ọmọ náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá àánú ajá ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ọgbọ́n. Kò mọ èyí tó jẹ́. Ó wọlé, ó fọwọ́ sí ìwé.

Ọmọ méje ni wọ́n gbé jáde. Èyí tó há ti kú, èyí tó tẹ̀ lé e náà ti kú. Márùn-ún ké.

Láti ọjọ́ yẹn, ìfọ̀kànbalẹ̀ ò sí nínú yàrá kan tí wọ́n ń gbé l'Agége. Ọgbẹ́ ìyá ajá ò jẹ́ kó lè fọ́mọ lọ́mú dáadáa. Ṣèyífúnmi ń fi ìgò rọ wàrà fún wọn kó tó lọ sílé-ìwé, ó tún ń sáré dé lọ́sàn-án. Ojúọlápé gba iṣẹ́ àṣekún, ó ń san owó dókítà ní gbogbo Jímọ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ di ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀. Bó bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi ṣílẹ̀kùn tí yóò rí i pé márùn-ún náà ṣì ń jà nínú páálí wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti Ọmọ́lẹ̀ wá wò wọ́n, ó ní òun yóò mú méjì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú Ṣèyífúnmi dùn débi pé ó gbé àwòrán wọn sórí Wasáàpù kí àwọn oníbàárà mìíràn lè rí wọn.

Ibẹ̀ ni Láolú ti rí wọn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ akẹ́rù Rótìmí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láolú sọ̀ kalẹ̀, Bàbá Àrẹ̀mú, tó jẹ́ àgbà ẹbí wọn l'Ékòó, sì ti apá kejì bọ́ sílẹ̀ tọ̀pátọ̀pá. Ojúọlápé kúnlẹ̀, ó gbé àga fún wọn. Wọn ò jókòó.

"A wá kó ogún àbúrò mi," ni Láolú wí.

"Ogún wo, sà?" Ó sáré mú àwọn rìsíìtì owó dókítà tó san wá, ó tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ níwájú Bàbá Àrẹ̀mú. "Bàbá, ẹ wò ó, owó ìdánwò ọmọ yìí ni mo fi gbẹ̀bí wọn. Mo pe Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní èmi ni mo ni ajá mi, kí n má pe àwọn mọ́."

Bàbá Àrẹ̀mú ò wo ìwé. Ó wo Láolú, ó wo ọkọ̀, ó wúkọ́.

"Ọmọ mi, ẹni tó ni ìyá ló ni ọmọ. Ta ló ra ajá?"

"Ọkọ mi ni, sà."

"Ta ló ni ọkọ rẹ?"

Ojúọlápé tún ti àwọn ìwé náà sún mọ́ ọn.

"Àwa ni," ni Bàbá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò.

Láolú ti gbé páálí àwọn ọmọ ajá sínú ọkọ̀. Kòṣeémánìí fa ṣéènì rẹ̀ títí ọrùn rẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ojúọlápé dúró níwájú ọkọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, Láolú sì wọ ọkọ̀, ó tẹná mọ́ ọn títí àwọn aládùúgbò fi fà á kúrò lọ́nà, tí wọ́n ń wí pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kó pa yín ni, Ìyá Ṣèyí, nítorí ajá?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà ní kó mú owó epo wá kí àwọn lè lọ gbé afurasí náà. Ìgbà tó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kó lọ pe àwọn àgbà.

"Àwọn àgbà ló bá a wá, sà."

Ọlọ́pàá náà ti ń wo fóònù rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, wọ́n fún un ní àbẹ́là méje, wọ́n ní kó dárí jì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ Láolú dé sórí fóònù: "Ìyàwó, fi káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ajá yẹn ránṣẹ́. Oníbàárà ń béèrè." Ojúọlápé kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó dojú fóònù bolẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá fi pé, ilé-ìwé ti ti ìforúkọsílẹ̀ pa.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tí àwọn ẹgbẹ́ Ṣèyífúnmi jókòó sídìí ìdánwò àkọ́kọ́, òun àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́ ní Oregun ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Olúfúnṣọ́, wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Méjìdínlógún, sà," ni Ojúọlápé tètè dáhùn.

Olúfúnṣọ́ ò béèrè mọ́. Ó na ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti bírò sí i. Ṣèyífúnmi gbé e ka orí itan, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ àdírẹ́sì, ó kọ orúkọ bàbá, ó sì kọ "olóògbé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà yọjú wo ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀.

"Ìwọ mọ̀wé o! Ọwọ́ rẹ dára. Ilé-ìwé wo lo ti jáde?"

"N kò tíì jáde, sà."

Ṣèyífúnmi dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ìwé-ẹ̀rí. Ó fi etí káàdì ilé-ìwé rẹ̀ ṣe rúlà, ó fa ìlà kan kọjá láàárín àyè náà, ìlà tó gún régé, ó sì dá bírò padà.