Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Kẹ́hìndé

"Àǹtí, ẹ tún un wò. Méjì ni mo bí."

Hàlímọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan ní Ìgbó-Ọrà, ó pọn Kẹ́hìndé sẹ́yìn. Èéyi ti bo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì ti lẹ̀ pọ̀. Láti Ìdèrè ni wọ́n ti wá. Nọ́ọ̀sì Edith ti ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí wọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ̀, ó ní òun ní ìbéèrè kan.

"Nígbà tí àwọn alábẹ́rẹ́ yín wá sílé wa, Táíwò nìkan ni wọ́n pè. Mo gbé èkejì jáde. Wọ́n ní orúkọ tiẹ̀ ò sí nínú ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀, pé ẹ ó pè é tó bá yá. Àǹtí, ìgbà wo ló fẹ́ yá?"

Rosaline tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà yíjú sí ẹ̀rọ náà. Òun nìkan ló ń lo ẹ̀rọ náà. Zachariah tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ti ríṣẹ́ sí Àbújá lọ́dún tó kọjá, láti ìgbà náà kò sì rí ẹnì kan ní gbogbo Ìbàràpá tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní agbègbè náà ló ń tẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á wá tẹ orúkọ àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára tọ́ sí jáde, àwọn alábẹ́rẹ́ á sì mú un kiri láti ilé dé ilé.

"Ìyá Ìbejì, ẹ gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ná," ló wí. "Mo máa wò ó."

Ó dá a lójú pé ó tẹ orúkọ àwọn méjèèjì. Ó tún Kẹ́hìndé tẹ̀. Ẹ̀rọ gbà á láìjanpata. Nígbà tó pe orúkọ ìyá wọn jáde, Táíwò nìkan ló rí. Ó wá dá ìyá kan sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó fún un ní ìbejì: àkọ́bí dúró, èkejì pòórá. Ó fún ìyá mìíràn lọ́mọ méjì tí ọjọ́ ìbí wọn yàtọ̀: àwọn méjèèjì dúró. Ó wá yé e. Àwọn tó ṣe ètò tó ń darí ẹ̀rọ yìí rò pé obìnrin kan kì í bí ju ọmọ kan lọ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ̀rọ bá ti rí èkejì, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni ó ń pè é, á sì dà á nù láìwí nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú, ọ̀gá rẹ̀.

"Rosaline, àwọn òyìnbó tó ṣe nǹkan yìí, ìwọ lo máa wá kọ́ wọn? Ọwọ́ rẹ ló ṣì í."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é níṣojú yín."

"Kí ni mo mọ̀ nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ wò?" Ó fi ọwọ́ nu ojú bí ẹni tí oorun ń kùn. "Tí àwọn ọ̀gá lókè bá gbọ́ pé ẹ̀rọ wa ń gbé orúkọ ọmọ mì, wọ́n á wá gbé e lọ. Máa fi bíró kọ àwọn ìbejì sọ́tọ̀. Ó parí."

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Rosaline ṣe bó ti wí, ó kọ orúkọ gbogbo èkejì láti inú ìwé ìbí, àwọn alábẹ́rẹ́ sì padà lọ wá wọn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Ẹni tó bá wù ú lè dà á kọ fún ẹlòmíràn. Àwọn tó ṣe é sì ti sọ níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá rí àbùkù kan kọ sí àwọn. Ìlú mélòó ni wọ́n ti ń lò ó? Àwọn èkejì mélòó ló ń pòórá níbẹ̀?

Nírọ̀lẹ́, ó rò ó fún Màmá Àkíbù tí wọ́n jọ ń gbélé. Màmá gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, jàre. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó ní òun ti jẹun. Kò tíì jẹun. Ká ní Abíọ́dún ọkọ rẹ̀ wà nílé, bóyá ì bá gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Líbíyà ni ó lọ, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó di Sátidé, ó wọ ọkọ̀, ó gba Lánlátẹ̀ àti Ẹ̀rúwà dé Ìbàdàn. Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ gba inú wáyà tẹlifóònù. Ìyáàfin Ọláyẹmí tó jókòó níbẹ̀ bá a tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ètò náà: ohun tó ṣe, ohun tó retí, ohun tó rí. Ìgbà tó padà lọ, èsì ti dé.

"A dúpẹ́," ni wọ́n kọ. "Irú ìbí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kò sì sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún wa rí. Bóyá àṣìtẹ̀ ni. A ó yẹ̀ ẹ́ wò bí àyè bá yọ."

Rosaline rẹ́rìn-ín. "Ó ṣọ̀wọ́n! Ìgbó-Ọrà níbí, agboolé tí kò ní ìbejì ló ṣọ̀wọ́n."

"Ṣé kí n pa á rẹ́?" Ìyáàfin Ọláyẹmí bi í.

"Rárá o. Ẹ jẹ́ ká tún un kọ."

Ó ṣàlàyé ìlú wọn fún wọn. Ó sọ fún wọn pé ọmọ kan wà ní wọ́ọ̀dù, pé èéyi dá a gúnlẹ̀ torí pé ẹ̀rọ kò pè é.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibà Kẹ́hìndé rọlẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ òsì ti funfun, kò sì ríran mọ́. Rosaline jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí wọn. Hàlímọ̀ pọn ọmọ rẹ̀, ó gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò sì wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà.

Nígbà tó tún dé Ìbàdàn, èsì kan ń dúró dè é. Kì í ṣe àwọn tó ṣe ètò ló kọ ọ́. Obìnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní Màláwì ni. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ Rosaline ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń lo ètò náà.

"Èmi náà rí i," ni obìnrin náà kọ. "Wọ́n ní ọwọ́ mi ló ṣì í, mo sì dákẹ́. Mo ti kọ̀wé sí wọn lónìí pé òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó yè?"

Rosaline kà á, ó tún un kà.

"Ṣé kò sí nǹkan?" ni Ìyáàfin Ọláyẹmí wí.

"Kò sí." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi dìde díẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tẹ èyí."

Ó jókòó, ó fa àga súnmọ́ ẹ̀rọ.

"Ó yè," ló kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ojú ọmọ náà fún un.