Fóòmù Mẹ́rin Tí Wọ́n Fi Bílíìṣì Fọ̀

Bí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé Mosúnmọ́lá lórí lọ́sàn-án Jímọ̀ náà, omi ọ̀hún ì bá hó. Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ló ti ń bọ̀, níbi tó ti sùn mọ́jú nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣòjòjò. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo àwọn ẹja kòì rẹ̀, ẹja ọ̀ṣọ́ tó ń sìn nínú adágún kékeré kan. Mọ́kànlá ni wọ́n, pupa, funfun, aláwọ̀ ọsàn, ó sì ti ń tọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì. Gbogbo wọn ló ti gòkè wá sójú omi, tí wọ́n ń la ẹnu wá èémí.

Ó ṣí àpótí asẹ́ tí omi adágún náà ń gbà kọjá. Fóòmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi sílẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ ti funfun báláú, òórùn bílíìṣì sì gba imú rẹ̀ kan.

"Ta ló fọ fóòmù yìí?"

"Èmi ni, ìyàwó mi," Màmá Bọ́dúnrìn dáhùn láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Ẹ̀gbọ́n Ernest ọkọ rẹ̀ ni. Ayépé ló ti wá ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé lọ́jọ́ Sátidé ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Ernest, àwọn ọkùnrin Ìjẹ̀bú tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, yóò ṣèpàdé nílé wọn. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ̀ ọ́ kó tó mọ́. Ìdọ̀tí yẹn pọ̀! O ò ní dúpẹ́ ni?"

Ẹ dákun, kí ni obìnrin ilé fẹ́ wí sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀? Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Orúnkún ló kúnlẹ̀ o, ọkàn rẹ̀ wà lórí ìdúró.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí yẹn gan-an ló ń gbé ẹja ró. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú rẹ̀, àwọn ló ń jẹ májèlé tó ń ti ara ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja wá. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú irú fóòmù bẹ́ẹ̀, omi adágún náà fúnra rẹ̀ ni yóò fi ṣan án díẹ̀, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Wọ́n tún ti ṣí táàpù pọ́ǹpù dé òpin. Ìlàjì ni Mosúnmọ́lá máa ń ṣí i sí, kí omi lè rọra gba inú asẹ́ kọjá, nítorí omi tó bá ń sáré kì í dúró kí asẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ernest fẹ́ kó máa já ṣọ̀ọ̀ láti orí òkúta, kí àlejò lè gbọ́ ọ láti géètì. Lónìí nìkan ni Mosúnmọ́lá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ inú omi. Ó yọ àwọn fóòmù náà dànù. Ó bu omi sínú ìgò kékeré, ó kán oògùn àyẹ̀wò sí i, omi sì di àwọ̀ ewé. Májèlé ti pọ̀ nínú rẹ̀.

"Bàbá Olúmidé, mo fẹ́ fa ìdajì omi yìí dànù, kí n da omi tó ti sinmi nínú táǹkì sí i," ó wí fún Ernest tó jáde wá bá a.

"Lónìí kẹ̀? Ṣé adágún ìlàjì ni kí àwọn ẹgbẹ́ mi wá bá lọ́la? Ṣe sùúrù di ọjọ́ Sọ́ńdè."

"Wọ́n á ti kú kó tó di Sọ́ńdè."

"Ẹja lásán, Mosún."

Ẹja lásán! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Mosúnmọ́lá lára dé egungun. Ó pe Theophilus, ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìbẹ̀fun, pé kó bá òun gbé fóòmù inú asẹ́ tirẹ̀ wá, èyí tó dọ̀tí jù. Lẹ́yìn náà ó ki họ́ọ̀sì bọ omi, ó ń fà á dànù sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Kí Theophilus tó dé, ẹja mẹ́rin ti kú. Ọ̀kan nínú wọn ni funfun olórí pupa tó máa ń jẹun ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mosúnmọ́lá gbé e lé itan, ó ń sunkún ìbínú.

Màmá Bọ́dúnrìn wá dúró tì í. "Ó mà tóbi o. Ṣé ká dín in fún àwọn àlejò?"

Ibẹ̀ ni sùúrù ti tán. "Màmá, bílíìṣì tí ẹ fi fọ fóòmù ló pa á! Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?"

Ẹnu ya obìnrin náà. "Ernest ni. Mo bi í pé ṣé kò ní í ṣe ẹja ní nǹkan kan, nítorí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn wọn. Ó ní rárá, ó ní ìmẹ́lẹ́ ni kò jẹ́ kí o máa fọ̀ ọ́."

Mosúnmọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jókòó ṣàlàyé fóòmù yìí fún un, Ernest tiẹ̀ ti bá a ṣan án rí. Ó mọ̀. Nítorí àwọn ọkùnrin tí yóò jókòó fún wákàtí méjì, ó fi ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ohun tí kò láyà láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Mo rò pé kò lè tó báyìí," ni Ernest wí. "Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́."

Mosúnmọ́lá to fóòmù Theophilus sínú asẹ́, ó sì dá táàpù padà sí ìlàjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, bí ìpàdé ṣe parí, àwọn ẹgbẹ́ rọ́ lọ sẹ́yìnkùlé láti wo ẹja tí wọ́n ti ń gbọ́ òkìkí wọn. Omi táǹkì kò tó láti kún adágún náà. Ẹja méje ló ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ nísàlẹ̀.

"Ernest, kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" ni olórí ẹgbẹ́ bi í.

Ernest rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi mà ni. Obìnrin Ayépé wá fi bílíìṣì fọ asẹ́ fún wa!"

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Màmá Bọ́dúnrìn, tó gbé abọ́ ẹran dání láàárín wọn, dorí kodò.

Mosúnmọ́lá gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ti fi ń bo ọkọ rẹ̀ láṣìírí níta.

"Irọ́ ni, Bàbá Olúmidé," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, ẹ sì mọ ohun tí yóò fà. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín níbí, níbi tí ẹ ti dójú tì wọ́n."

Ẹ̀rín dá. Ernest wo ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, kò sẹ́ni tó gbè é. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí koríko tútù.

Mosúnmọ́lá kò dúró wò ó. Ẹja kan tún ti gòkè wá sójú omi, ó ń la ẹnu.