Bàbá Ilẹ̀-Á-Gbẹ Lọ Wo Àbàtà

Ogójì ọdún gbáko ni bàbá yìí fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, kò sì sí irú ilẹ̀ olómi tí kò kọ́lé sí rí. Bí oníbàárà bá dúró létí ilẹ̀ tó rà, tí bàtà rẹ̀ ń rì, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bí ojú ẹni tó fẹ́ sunkún, bàbá á gbọn ọwọ́ nù, á ní, "Ilẹ̀ á gbẹ." Wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á da òkúta lé e, ilé á sì dìde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, bí inú bá ń bí i, Bàbá Ilẹ̀-Á-Gbẹ ló ń pè é. Ti pé omi máa ń padà wá kí àwọn ilé náà lọ́dọọdún nígbà òjò, ti pé ògiri yàrá ìgbàlejò bàbá fúnra rẹ̀ ní àmì omi tó ga dé orúnkún, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń bá a sọ nídìí oúnjẹ.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wá lọ kàwé. Ó kàwé tán, iṣẹ́ tó rí ni pé kó máa ṣọ́ àbàtà. Àbàtà gidi ni o, tòun ti esùsú, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀fọn, tí ìjọba fi wáyà yí ká pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni bàbá kò fi débẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà ìyá ẹni tó bi í.

Ọjọ́ tó wá gbà láti lọ, ọmọ ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀gá kan ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nǹkan méjì péré ló sì fẹ́ wò: bóyá omi adágún bo ìlà pupa tí wọ́n fà sára òpó àárín rẹ̀, àti bóyá àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń ti òkèèrè fò wá wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá pé, àbàtà á máa jẹ́ àbàtà lọ. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, wọ́n á ká wáyà kúrò, wọ́n á sì gbé ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń kọ́lé.

"Bàbá mi, ẹ ṣáà wá wo ohun tí mò ń ṣe, kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi," ló wí.

Bàbá dìde, ó wá fìlà rẹ̀.

Bàtà òjò tí wọ́n fún un lẹ́nu ọ̀nà tóbi jù ú lọ, ó ń dún gbọ̀pọ̀-gbọ̀pọ̀ lórí afárá pákó tó gba orí omi kọjá. Ọmọ ń nàka sí òdòdó òṣíbàtà, ó ń nàka sí ìtẹ́ ẹyẹ nínú esùsú. Bàbá kò gbójú sókè. Ìṣó ló ń wò.

"Ta ló kan pákó yìí?"

"Káfíńtà ni, Bàbá mi. Ẹ wo ẹyẹ yẹn."

"Ìṣó méjì ló kàn síbi tó yẹ kó kan mẹ́rin. Mo ti rí ẹyẹ náà. Kí ló ń jẹ?"

"Kòkòrò inú ẹrẹ̀."

"Àbájọ tó fi rù tó bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ létí omi, ilẹ̀ náà sì tu omi jáde bíi kànìnkànìn. Ó ní iṣẹ́ tí àbàtà ń ṣe nìyẹn: bí òjò bá rọ̀, á fa omi mu, á wá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti dí i pa, omi á wá ilé onílé wọ̀.

"Ilé ta lò ń bú?" ni bàbá wí.

"Mi ò dárúkọ ilé kankan, Bàbá mi."

"O ò dárúkọ, àmọ́ o júwe rẹ̀ dáadáa."

Ahéré pákó kan wà létí adágún, ó ní ihò pẹlẹbẹ tí èèyàn ń gbà yọjú wo ẹyẹ tí ẹyẹ ò fi ní rí i. Tíṣà àgbà kan, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jogún rẹ̀. Àtàárọ̀ ló ti gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn sójú, bí ikọ́ bá sì gbé èèyàn, ìta ni kó ti lọ wú u. Nígbà tó di aago mẹ́ta, ọmọ ní òun fẹ́ lọ tún ọ́fíìsì ṣe kí ọ̀gá tó dé.

"Bàbá mi, ẹ jókòó ti Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kí ló wà nínú ẹrẹ̀ tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn?"

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fara dà.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń kọ sílẹ̀ yẹn?"

"Iye ẹyẹ."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́sàn-án ni wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ti ku méje."

Bàbá jáde lọ na ẹsẹ̀. Ibi tó ti ń nasẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti tó ohun tí kò yẹ kí ojú bíríkìlà rí. Ní igun adágún, wọ́n fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà omi kan tí kò fẹ̀ ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, pákó mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n dí i pa. Bí ẹlòmíràn bá rí i, á mọ̀ pé wọ́n fi dá omi dúró ni. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni bàbá fi ń da kọnkéré sáàárín pákó, ogójì ọdún náà ló sì fi ń bá àwọn lébìrà jà, àwọn tó máa ń gbàgbé pákó sínú iṣẹ́ lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan. Ohun tó rí nìyẹn: pákó tí ọ̀lẹ gbàgbé.

"Kí ọ̀gá ti olú iléeṣẹ́ dé, kó wá bá irú èyí," ló ń dá sọ, "kó sì máa rò pé ọmọ mi ò mọ iṣẹ́."

Ìfẹ́ ló tì í. Ó ká ṣòkòtò, ó yọ ti òkè, ó yọ ti àárín, ó wá fi gbogbo agbára fa ti ìsàlẹ̀ tu. Omi bẹ́ jáde, ó já pákó yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e wọnú esùsú lọ. Bàbá nu ọwọ́ mọ́ra. Ó padà sínú ahéré, ó jókòó bí ẹni tó ṣoore tí kò fẹ́ kí wọ́n dúpẹ́.

Kò pẹ́ tí Tíṣà sọ awò náà kalẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń rí ìlà pupa tó wà lára òpó yẹn?"

"Mo rí i kedere."

"Láàárọ̀, a ò rí i."

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ bàtà tó ya. Ó wo òpó, ó wo igun adágún.

"Tíṣà," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "àwọn pákó tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ta ló fi wọ́n síbẹ̀?"

"Ọmọ yín ni. Ọdún méjì ló fi bá omi yìí fà á kó tó gbà láti dúró."

Àgbà kì í sáré lásán nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Bàbá sáré. Ẹsẹ̀ bàtà òjò kan kù sínú ẹrẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó ti pákó méjì padà sáyè wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ti lọ, omi sì ń gba orí méjèèjì kọjá. Ó bu ẹrẹ̀ dí i, omi gbá ẹrẹ̀ lọ. Ó ki fìlà bọ̀ ọ́, omi gba fìlà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bíríkìlà tí kò ní búlọ́ọ̀kù, ohun tó bá ní ni yóò fi mọlé. Bàbá yí ẹ̀yìn padà, ó jókòó lé pákó méjèèjì, ìdí rẹ̀ sì há sí ojú ọ̀nà omi náà ṣinṣin bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n fún un. Ó bu ẹrẹ̀ sápá ọ̀tún, ó bu sápá òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Omi dúró.

Ọ̀gá dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbá fáìlì mọ́ àyà. Ìlà pupa ni ọmọ kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ló rí bàbá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀gá wí, "kí ni bàbá yẹn ń ṣe nínú omi?"

"Òun ni pákó kẹta," ni Tíṣà dáhùn, kò sì gbójú kúrò nínú awò rẹ̀.

Ọ̀gá wo òpó. "Omi fi ìka kan dín sí ìlà." Ó ṣí fáìlì, ó yọ bírò.

Bàbá gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí. Ó lè dákẹ́ tó bá fẹ́. Àgbàlagbà tó jókòó sínú ẹrẹ̀ láìní fìlà ti tẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ó rí i bí ọmọ rẹ̀ ṣe di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

"Ọ̀gá, ẹ má tíì kọ ọ́," ló wí. "Ìka tó bá ṣẹ̀ ni kí ọba gé. Ọmọ yìí ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, èmi ni mo yọ pákó. Mo ṣèbí lébìrà ló gbàgbé wọn. Odò ṣì ń ṣàn wọlé lókè ọ̀hún. Ẹ fún wa láyè díẹ̀, á kún."

"Àyè tó báwo?"

Bàbá wo ẹnu odò, ó wo bí adágún ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó fi ogójì ọdún lé omi kiri ti mọ ìrìn rẹ̀. "Wákàtí kan ààbọ̀, ó pẹ́ jù, méjì."

"Aago mẹ́fà ni mò ń lọ," ni ọ̀gá wí. "Ohun tí mo bá rí nígbà yẹn ni màá kọ. Ẹyẹ wá ńkọ́?"

Eré tí bàbá sá ti lé gbogbo wọn lọ.

"Wọ́n á padà," ni Tíṣà wí, "bí bàbá bá lè dákẹ́."

Èyí ló wá le ju omi lọ. Ẹ̀fọn bà lé e nímú, kò lè gbá a. Ọ̀pọ̀lọ́ kan gun itan rẹ̀, ó wò ó sókè sódò, kò rí ohun tó wù ú, ó bẹ́ sílẹ̀. Omi gun bẹ́líìtì, ó ń wá ìdodo. Ọmọ rẹ̀ rá kòrò wá sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé kò tutù jù?"

"Kúrò lọ́dọ̀ mi," ló dáhùn wúyẹ́wúyẹ́. "Pákó kì í sọ̀rọ̀."

Aago márùn-ún kọjá dáadáa kí ẹyẹ kan tó bà. Òmíràn tẹ̀ lé e, ó di mẹ́rin, ó di mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú wọn ń rọra gbé ẹsẹ̀ bọ̀, ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó dà bí ìgbálẹ̀, títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ bàbá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó wo bàbá bí oníbàárà ṣe ń wo ilé tí wọn ò tíì kùn. Lẹ́yìn náà ó ki ẹnu bọ ẹrẹ̀, ó fa kòkòrò kan yọ, ó gbé e mì. Bàbá di èémí mú. Nǹkan tí ó rù tó báyìí, tó gba ojú ọ̀run jíjìn wá, bó bá dé tó bá yẹ̀pẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù ńkọ́, ibo ni yóò bà sí? Iye ilẹ̀ tó ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sí i lọ́kàn. Kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ kà wọ́n tán.

Nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méje, Tíṣà ní òun ò rí ìlà mọ́. Ọ̀gá gba awò lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó fúnra rẹ̀. Ó ka ẹyẹ, ó kọ mọ́kànlá. Ó ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn.

"Ó ku ìbéèrè kan," ló wí. "Wọ́n ní ǹjẹ́ àwọn èèyàn àdúgbò ń fara wọn jìn fún àbàtà yìí?"

Ó yọjú wo orí funfun tó wà lókè omi lọ́hùn-ún. Ó kọ "Bẹ́ẹ̀ ni," ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, ó buwọ́ lù ú.

Ọmọ gbé pákó tuntun, ó rọra wá bá bàbá rẹ̀. Omijé wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá mi, ó ti tán. Wọ́n ti fi àbàtà sílẹ̀ fún wa. Ẹ dìde, kí n fi pákó sí i."

Bàbá kò mira. Ẹyẹ yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.

"Gbé pákó ẹ sílẹ̀ ná," ló wí. "Kò tíì yó."